Ṣé Orúkọ Tí A Fi Pamọ́ Pamọ́ Lóòótọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbé ayé wa ojoojúmọ́ ni. Ó kan ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó kan òṣìṣẹ́ ìjọba, ó kan ẹgbẹ́ akọrin àti ìgbìmọ̀ ìkórè, ó sì kan àwa pásítọ̀ pàápàá.

Láyé àtijọ́, bí ìgbìmọ̀ kan bá fẹ́ ṣiṣẹ́ pọ̀, wọn yóò jókòó yí tábìlì ká. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ọ̀rọ̀ bá le jù, a lè gbé àpótí kan sí ẹ̀yìn ilé ìsìn, kí ẹni tí kò lè sọ ọ́ lójú kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, kí ó sì jù ú sínú rẹ̀. Lónìí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan wà ní Ìbàdàn, èkejì wà ní Èkó, ẹ̀kẹta wà ní London, gbogbo wọn sì ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn a fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, wọn a sì kọ ọ́ sí òkè rẹ̀ pé: “Ẹ sọ ọkàn yín. Ẹ má kọ orúkọ yín.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì mí kanlẹ̀, wọn a ní, “Ó dára, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé èmi ni.”

Ṣé òótọ́ ni pé kò sẹ́ni tí yóò mọ̀? Kí ni ó sì yẹ kí Kristẹni ṣe sí ọ̀rọ̀ tí kò ní orúkọ, ìbáà jẹ́ òun ló kọ ọ́, ìbáà sì jẹ́ òun ni wọ́n kọ ọ́ sí? A kò fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí láti inú ìwé nìkan. Àwa fúnra wa ti ṣubú nínú ọ̀rọ̀ yìí rí, a ó sì sọ bí a ṣe ṣubú, kí ẹlòmíràn má baà gba ọ̀nà ibẹ̀.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ LÁÀÁRÍN WA

Ní ọdún 2021, ìjọ tí a ń ṣe olùṣọ́ àgùntàn rẹ̀ yan ìgbìmọ̀ ẹni mọ́kànlá láti bójú tó àtúnṣe ilé ìsìn. Nítorí pé kò rọrùn fún gbogbo wọn láti pàdé lọ́jọ́ kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn ṣe fọ́ọ̀mù sórí fóònù, kí olúkúlùkù lè sọ ibi tí owó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ. Àwa gan-an ni a sọ fún wọn pé, “Ẹ kọ ohun tí ó wà lọ́kàn yín. A kò ní mọ ẹni tí ó kọ ọ́.” Tọkàntọkàn ni a fi ṣe ìlérí náà.

Ìdáhùn mọ́kànlá ni ó dé. Mẹ́wàá dùn mọ́ wa nínú. Ọ̀kan kò dùn rárá. Ẹni náà kọ pé a fẹ́ fi owó ńlá tẹ́ táìlì sórí pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọdé ti ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ti fọ́, òjò sì ń pa wọ́n. Ó fi kún un pé kò sí ẹni tí ó lè sọ èyí lójú Pásítọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá sọ ọ́ yóò di ọlọ̀tẹ̀.

Inú bí wa. Kí a tó mọ ohun tí a ń ṣe, ojú wa ti ń wá ẹni tí ó kọ ọ́. Kò sì pẹ́ tí a fi rí àmì kan. Níbi tí ó yẹ kí ó kọ “ilé Ọlọ́run”, “ulé Ọlọ́run” ni ó kọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà a máa fi “u” bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ẹni mọ́kànlá náà, arábìnrin kan ṣoṣo ni ó jẹ́ ọmọ Èkìtì. A wí nínú ọkàn wa pé, “Ọwọ́ tẹ̀ ọ́.”

Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, a wàásù lórí Míríámù, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ sí Mósè tí ẹ̀tẹ̀ sì bò ó (Númérì 12). A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbìmọ̀ rí ibi tí ojú wa kọ sí. Arábìnrin náà sorí kọ́. Kò wá sí ìpàdé tí ó tẹ̀lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, a kò fojú kàn án nínú ilé ìsìn.

A ó padà sí ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí ó fi rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti máa tọ ipasẹ̀ ẹni tí kò kọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni a rí.

ÈKÍNÍ: OHÙN ÈNÌYÀN WÀ NÍNÚ ÌWÉ RẸ̀

Nígbà tí Jákọ́bù fẹ́ gba ìbùkún Ísọ̀, ó wọ aṣọ Ísọ̀, ó sì fi awọ ọmọ ewúrẹ́ bo ọwọ́ àti ọrùn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé, àyàfi ohùn. Baba arúgbó tí kò ríran mọ́ sì sọ ọ́ gbangba pé ohùn tí òun ń gbọ́ kò bá ọwọ́ tí òun ń fọwọ́ kàn mu (Jẹ́nẹ́sísì 27). Nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 12, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn ará Gílíádì fi ń dá àwọn ará Éfúráímù mọ̀ ní ìwọdò Jọ́dánì. Ẹni tí kò bá lè pe “Ṣíbólẹ́tì”, tí ó pè é ní “Síbólẹ́tì”, ikú ni. Àwa Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí, nítorí pé a mọ̀ bí àwọn kan ní Ìbàdàn ṣe máa ń pe “ṣ” ní “s”. Ní àgbàlá olórí àlùfáà, èdè Gálílì ni ó tú Pétérù fó nígbà tí ó ń sẹ́ Olúwa rẹ̀ (Mátíù 26:73).

Ẹnì kan lè sọ pé ohùn ẹnu nìyẹn, kì í ṣe ìwé. Rárá o, ìwé pẹ̀lú ní ohùn. Ní ọdún 1787 sí 1788, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń jiyàn lórí òfin tí wọn yóò fi máa ṣe ìjọba, àwọn kan kọ àròkọ 85 lábẹ́ orúkọ àdàpè kan, Publius. Ó wá hàn lẹ́yìn náà pé ènìyàn mẹ́ta ni: Alexander Hamilton, James Madison àti John Jay. Ṣùgbọ́n iyàn kò tán lórí 12 nínú àwọn àròkọ náà, bóyá Hamilton ni ó kọ wọ́n tàbí Madison. Ní ọdún 1964, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Frederick Mosteller àti David Wallace, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńláńlá ni wọ́n kà. Ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kì í fiyè sí ni wọ́n kà. Wọ́n rí i pé Hamilton fẹ́ràn láti máa lo “upon”, ṣùgbọ́n Madison kì í sábà lò ó. Ìṣirò wọn tọ́ka sí Madison lórí gbogbo méjèèjìlá.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò nìkan ni ó lè ṣe é. Láti ọdún 1978 títí di 1995, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà ń fi bọ́ǹbù ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn. Ó pa ènìyàn mẹ́ta, ó sì ṣe 23 léṣe. Ìjọba wá a títí, wọn kò rí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1995, wọ́n tẹ ìwé gígùn kan tí ó kọ jáde nínú ìwé ìròyìn, láìsí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Aya àbúrò rẹ̀ ti kọ́kọ́ fura. Nígbà tí àbúrò náà gan-an ka ìwé náà, ó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 1996, wọ́n mú Theodore Kaczynski nínú ahéré rẹ̀ ní Montana. Ará ilé ẹni ní í mọ ohùn ẹni.

ÈKEJÌ: OHUN KÉKERÉ MẸ́TA TÓ LÁTI FI MỌ ẸNÌ KAN

Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1997, ìjọba ti kó àkọsílẹ̀ ìtọ́jú ìṣègùn àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ fún àwọn olùwádìí. Wọ́n yọ orúkọ kúrò, wọ́n sì sọ pé kò sí ewu. Obìnrin kan tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, Latanya Sweeney, fi 20 dọ́là ra ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ìlú Cambridge. Ó gbé àkọsílẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ènìyàn mẹ́fà péré ní ìlú náà ni wọ́n bí ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú gómìnà, William Weld. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọkùnrin. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń gbé àdúgbò tí gómìnà ń gbé. Báyìí ni ó ṣe rí àkọsílẹ̀ ìṣègùn gómìnà, tí kò sí orúkọ lára rẹ̀. Ní ọdún 2000, ó ṣírò rẹ̀ pé ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, àti nọ́ńbà àdúgbò tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń lò tó láti ya nǹkan bí 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Amẹ́ríkà sọ́tọ̀.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ láàárín ẹgbàágbèje ènìyàn, kí ni kí a sọ nípa ìgbìmọ̀ ẹni mọ́kànlá? Bí o bá kọ pé, “Àwa tí a ní ọmọ ní yàrá kékeré,” o ti lé ènìyàn márùn-ún kúrò. Bí o bá kọ pé, “Láti ìgbà tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin,” ó ku ènìyàn méjì. Ìwọ kò kọ orúkọ rẹ, òótọ́ ni. Àdírẹ́sì rẹ ni o kọ.

ẸKẸTA: Ẹ̀RỌ A MÁA RÁNTÍ

Àpótí onígi tí a gbé sí ẹ̀yìn ilé ìsìn kò mọ ẹni tí ó súnmọ́ ọn. Ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Google Forms, ẹni tí ó ṣe fọ́ọ̀mù ni ó ń pinnu bóyá kí ó gba àdírẹ́sì ímeèlì àwọn tí ń dáhùn tàbí kí ó má gbà á. Bí kò bá tilẹ̀ gbà á, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan a máa ní ọjọ́ àti wákàtí tí ó dé. Bí ìwọ bá wá sọ lórí WhatsApp pé, “Mo ti dáhùn tèmi báyìí o,” o ti fi ọwọ́ ara rẹ fọwọ́ sí i.

Nínú Google Docs, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àlejò tí ó wọlé láìsọ ẹni tí òun jẹ́ lè hàn pẹ̀lú orúkọ ẹranko. Àwọn ọmọ wa a máa fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọlé pẹ̀lú àkáùntì rẹ̀, orúkọ rẹ̀ a máa wà lára ohun tí ó yí padà, a sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀. A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé “ẹ má kọ orúkọ yín” àti “ẹ̀rọ kò mọ̀ yín” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.

ẸKẸRIN: ẸNU ÈNÌYÀN

Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, ìwé ìtàn tuntun kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú orúkọ Robert Galbraith. Ní oṣù keje ọdún náà, ayé gbọ́ pé J. K. Rowling ni. Àwọn onímọ̀ fi kọ̀ǹpútà yẹ èdè ìwé náà wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn agbẹjọ́rò tí ó mọ àṣírí náà ni ó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà sì sọ ọ́ síta. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Láàárín àwa náà, èyí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá, tí ó ń ká àbámọ̀ lórí bí òun ṣe lo ìgbà èwe òun. Lónìí, gbogbo ẹni tí ó mọ ìtàn ìwé Yorùbá mọ̀ pé olóòtú ìwé ìròyìn náà, I. B. Thomas, ni ó kọ àwọn lẹ́tà náà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ tí a fi pamọ́.

ÌTÀN WA KÒ TÍÌ PARÍ

Ní òru ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyàwó wa bi wá pé, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù yẹn, ṣé òótọ́ ni àbí irọ́?”

A dáhùn pé, “Ṣé o rí i, a mọ ẹni tó kọ ọ́.”

Wọ́n ní, “Èmi kò bi yín léèrè ẹni tó kọ ọ́.”

A kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ní ọjọ́ kejì òjò rọ̀, a sì lọ dúró nínú yàrá àwọn ọmọdé. Omi ń gba ojú fèrèsé wọlé. Wọ́n ti ti àwọn bẹ́ǹṣì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì, a sì rí ibi tí olùkọ́ wọn ti fi ọ̀rá di fèrèsé. Àwa tí à ń wá orúkọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a kò wá fèrèsé lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí a tó múra láti lọ bẹ arábìnrin náà, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Alàgbà kan nínú ìgbìmọ̀ ni. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe olùkọ́ ní Adó-Èkìtì fún ọdún méjìdínlógún, èdè ibẹ̀ sì ti wọ̀ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n kò jókòó. Wọ́n ní, “Pásítọ̀, èmi ni mo kọ ìwé yẹn. Ọmọ yẹn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ń sunkún lójoojúmọ́, n kò sì rí oorun sùn mọ́.”

Ará, ilẹ̀ ibá là kí ó gbé wa mì lọ́jọ́ náà. Obìnrin tí a fi ẹ̀tẹ̀ Míríámù lé lórí lójú gbogbo ìjọ kò kọ lẹ́tà kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Àwa ni a sọ òkò náà láti orí pẹpẹ.

A lọ sí ilé arábìnrin náà ní òru yẹn, àwa àti ìyàwó wa àti alàgbà náà. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun àti ọkọ rẹ̀. Ó dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ó ní, “Bàbá, ká ní èmi ni mo kọ ọ́, ṣé ohun tí ẹ ṣe yẹn ìbá dára?” Ìbéèrè yẹn wọ̀ wá lára ju ẹkún rẹ̀ lọ. Àforíjì tí a kọ́kọ́ fẹ́ tọrọ ni pé a ṣì í mọ̀. Ó jẹ́ kí a rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ wa ti wà kí a tó ṣi ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìlérí ni a dà. Nígbà tí ó di ọjọ́ ìsinmi, a tọrọ àforíjì lórí pẹpẹ kan náà tí a ti ṣe é, nítorí pé ohun tí a bá bàjẹ́ ní gbangba, ìkọ̀kọ̀ kọ́ ni a ti ń tún un ṣe. A fi fèrèsé tuntun sí yàrá àwọn ọmọdé kí a tó ra táìlì kan. Arábìnrin náà àti alàgbà náà ti ka ìwé yìí kí a tó fi ránṣẹ́, àwọn ni wọ́n sì ní kí a tẹ̀ ẹ́ jáde.

OHUN TÍ A KỌ́

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Láàárín ẹgbẹ́ kékeré, orúkọ tí a fi pamọ́ kò pamọ́ tó láti dáàbò bo ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀, kò sì hàn tó láti dáàbò bo ẹni tí kò kọ ọ́. Ìdajì òkùnkùn ni, inú ìdajì òkùnkùn sì ni ènìyàn ti máa ń lu arákùnrin rẹ̀ pé olè ni. Nítorí náà, bí orúkọ bá pamọ́ láàárín wa, kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó pa á mọ́. Ẹnì kan tí ó lè wá a, tí ó sì kọ̀ láti wá a, ni ó pa á mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìfarapamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ o. Olúwa wa kọ́ wa pé kí a máa ṣe ìtọrẹ àánú ní ìkọ̀kọ̀ (Mátíù 6). Ẹ́sítérì kò sọ ìran rẹ̀ títí di àkókò tí ó tọ́ (Ẹ́sítérì 2:10). Ọbadáyà fi ọgọ́rùn-ún wòlíì pamọ́ kí Jésíbẹ́lì má baà pa wọ́n (1 Àwọn Ọba 18:4). Ẹni tí a ń lù nílé, tàbí ọmọ tí àgbàlagbà kan ń fi ọwọ́ kàn lọ́nà tí kò tọ́, ní ẹ̀tọ́ sí ààbò. Ṣùgbọ́n nítorí ohun tí a ti sọ lókè, a kò ní gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ níyànjú láti gbẹ́kẹ̀ lé fọ́ọ̀mù orí fóònù. Kí ó wá ẹnì kan tí ó lè pa àṣírí mọ́, kí ẹni náà sì bá a gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí òfin fún ní agbára láti gbà á sílẹ̀.

Ẹ wo Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Nígbà tí ìròyìn ìjà tí ó wà ní Kọ́ríńtì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ: àwọn ará ilé Kílóè ni (1 Kọ́ríńtì 1:11). Àwọn ará ilé yẹn kò bẹ̀rù kí a dárúkọ ilé wọn, Pọ́ọ̀lù kò sì bá ìjọ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí kò ní orísun. Òun náà a sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkíni sí òpin ìwé rẹ̀, kí wọn lè mọ̀ pé òun ni (2 Tẹsalóníkà 3:17). Irú ìjọ tí a ń fẹ́ nìyí, ìjọ tí ọmọ ẹgbẹ́ lè fi orúkọ sí òtítọ́ láìbẹ̀rù.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÀWỌN OLÓRÍ

Ẹ̀yin pásítọ̀, olórí ẹgbẹ́, ọ̀gá ilé iṣẹ́ àti olùkọ́, ẹ má ṣe ìlérí tí ẹ kò lè mú ṣẹ. Dípò kí ẹ sọ pé, “A kò ní mọ̀ yín,” ẹ sọ pé, “A kò ní wá yín.” Ìyẹn wà ní ìkáwọ́ yín. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ gba àwọn ìdáhùn, kí ó kó kókó wọn jọ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kí ohùn ẹnikẹ́ni má baà hàn nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣèèṣì mọ ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ gbé e mì. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé, “Ṣé òótọ́ ni?” Ìgbà tí ẹ bá ti dáhùn ìyẹn tán, ìfẹ́ láti mọ orúkọ yóò ti dín kù. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí gbogbo ènìyàn bá nílò òkùnkùn kí wọn tó lè bá yín sọ òtítọ́, ẹ yẹ ara yín wò. Àwa ti yẹ ara wa wò, ohun tí a rí kò sì dùn mọ́ wa.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ẸNI TÍ Ń KỌ Ọ̀RỌ̀

Ìwọ tí o ń kọ ọ̀rọ̀ láìfi orúkọ sí i, kọ ohun tí o lè fi orúkọ sí lọ́la bí ó bá di dandan. Sọ ohun tí ó bàjẹ́, má sọ ìwà ẹni tí o rò pé ó bà á jẹ́. Alàgbà wa sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ká ní àwọn tún un kọ, àwọn ìbá kọ ọ̀rọ̀ fèrèsé, kí àwọn sì wá sọ ọ̀rọ̀ ti Pásítọ̀ lójú Pásítọ̀. Ọ̀nà tí Olúwa fi lélẹ̀ nìyẹn nínú Mátíù 18:15, pé kí a lọ bá ẹni tí ó ṣẹ̀ wá, àwa àti òun nìkan. Bí ẹlòmíràn bá sì ń jìyà nítorí ọ̀rọ̀ tí o kọ, má jókòó sílé. Dìde bí alàgbà wa ti dìde, kí o sì lọ kan ilẹ̀kùn.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÀWỌN ÒBÍ

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pé orúkọ ẹranko lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sọ wọ́n di ẹlòmíràn. Ọmọ tí ó ń bú ọmọ kíláàsì rẹ̀ lábẹ́ orúkọ àdàpè ń kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ohun tí ojú rẹ̀ kò lè ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọn mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn lè bá yín sọ ohunkóhun nílé láìfi ara pamọ́. Ọmọ tí wọ́n bá ti ń nà nítorí òtítọ́, yóò tètè kọ́ bí a ti ń fi orúkọ pamọ́.

Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta yìí ṣe ìjíròrò nídìí pẹpẹ ìdílé yín lọ́sẹ̀ yìí: Ǹjẹ́ ohun kan wà nínú ilé yìí tí ẹnì kan ń bẹ̀rù láti sọ? Ǹjẹ́ a ti fi ẹ̀sùn kan ẹnì kan rí lórí ìfura nìkan? Ta ni ó yẹ kí a lọ bẹ̀?

Ẹ̀yin ará, Olúwa wa sọ fún wa nínú Lúùkù 12 pé ohun tí a sọ ní kọ̀rọ̀ yóò di ohun tí a kéde lórí òrùlé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni fún ẹni tí ń fi òkùnkùn ta ọfà. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn èké kàn, tí kò rí ẹni gbèjà rẹ̀. Ohun tí ó pamọ́ lójú ènìyàn, kedere ni lójú Ọlọ́run. Ó mọ ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀, ó mọ ẹni tí kò kọ ọ́, ó sì mọ̀ pé òjò ń pa àwọn ọmọdé.

Kí Olúwa fún wa ní ẹnu tí ń sọ òtítọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, kí ó fún àwa olórí ní etí tí ó lè gbà á, kí ó sì ṣe ilé wa àti ìjọ wa ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní láti fi orúkọ pamọ́ kí ó tó lè sọ pé òjò ń wọlé. Àmín.